Ìbàntẹ́ Tí Omi Ò Gbọdọ̀ Kàn

Imú lè yún ènìyàn lójú ọ̀nà, kó họ ọ́, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn lè yún un, kó fi ha ògiri, kí àwọn tó ń kọjá fi í ṣe ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibi tí ṣòkòtò bò ló ń yún ọkùnrin, ọ̀rọ̀ di hùn-hùn-hùn inú ẹlẹ́dẹ̀, inú ẹlẹ́dẹ̀ náà ló máa gbé. Kò lè họ ọ́ níwájú ènìyàn, kò lè sọ ọ́, kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Ohun tó ń bá Ọwọ́ò-jó fínra nìyẹn, ọ̀gá àwọn tó ń dáná búrẹ́dì, lọ́sàn-án ọjọ́ tí búrẹ́dì kọ́kọ́ jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Wọ́n ń pè é ní Ọwọ́ò-jó nítorí pé láti kékeré ló ti ń ki ọwọ́ bọ inú ààrò, iná ò sì mú un rí. Lọ́jọ́ náà, ó di pátákó gígùn tí wọ́n fi ń ti búrẹ́dì wọlé mú, òógùn ń ṣàn láti ẹ̀yìn rẹ̀ bọ́ sínú ṣòkòtò. Ó kọ́kọ́ rọra yún un. Lẹ́yìn náà ló gbóná. Ó pa itan pọ̀, ó pa eyín pọ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó fi máa lajú, iná inú ààrò ti tẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn ò fẹ́ rárá.

"Ọ̀gá, búrẹ́dì ń jó o!"

Fajúro ló pariwo. Fajúro ni igbákejì rẹ̀ nídìí ààrò, ó dàgbà jù ú lọ, ẹnikẹ́ni ò sì rí eyín rẹ̀ rí débi tí wọ́n á fi sọ pé ó rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ò-jó ju pátákó sílẹ̀, ó sá lọ sẹ́yìn ibi tí wọ́n to igi ìdáná sí, ó tú ṣòkòtò, ó wo ara rẹ̀. Awọ itan rẹ̀ méjèèjì ti pọ́n, ó ń bó, etí ibi tó bó náà ga díẹ̀ yí ká bí ìgbà tí wọ́n bá fi nǹkan fà á. Ó ti san rí. Ó san, ó padà, ó tún san, ó tún padà. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà ní àrà tirẹ̀. Bó ṣe tàn ká yẹn, ó dà bí àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn tó tẹ́ sórí itan, ìka gbogbo pé síbẹ̀. Ó yára di ṣòkòtò rẹ̀.

Lábẹ́ ṣòkòtò yẹn, ara sí ara, ni ìbàntẹ́ wà: aṣọ dúdú kan tó ti nípọn bí awọ. Níbi iṣẹ́ wọn, ọ̀gá ààrò nìkan ló ń so ó mọ́dìí. Láti ọwọ́ ọ̀gá kan ló ti ń bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá mìíràn, wọn kì í sì í fọ̀ ọ́. Àwọn àgbà iṣẹ́ ní ọjọ́ tí omi ọṣẹ bá kàn án, iná ààrò yóò kú, kò sì ní gbà mọ́. Bàbá Ààrò, ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì, ló fọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ Ọwọ́ò-jó nídìí lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ọmọ òrukàn ni Ọwọ́ò-jó. Bàbá Ààrò ló mú un lójú pópó, ló fún un níbi tó sùn, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Lọ́jọ́ tó gba ìbàntẹ́ náà, ó sunkún ayọ̀ bí ọmọdé.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ dúró dè é. Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà, ó lè fi imú lásán mọ aṣọ tí wọ́n sá sínú ilé yàtọ̀ sí èyí tó rí oòrùn.

"Ọkọ mi, ẹ bọ́ nǹkan yẹn kí n bá yín fọ̀ ọ́."

"Èèwọ̀ ni."

"Èèwọ̀ bíi ti báwo? Ṣé iná ló ń rùn báyìí ni, àbí ẹ̀yin?"

Ó rẹ́rìn-ín, ọkọ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà sún mọ́ ọn, ó yẹra. Ó ti ń yẹra fún un láti ìgbà tí ìyọnu yìí ti dé, ìtìjú ò jẹ́ kó sọ ìdí rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń fi pamọ́ fún mi?" Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ náà kọjú sí ògiri, ó fún okùn ṣòkòtò rẹ̀ le.

*

Níbòmíràn nínú ìlú, ní ọ̀sán gangan, wọ́n ti fèrèsé yàrá kan pa bí ẹni pé ilẹ̀ ti ṣú. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Adáhunṣe jókòó sórí àpótí. Ọkùnrin tó wá bá a kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ bò ó lójú. Àdó kan wà lókè orí wọn tí wọ́n so mọ́ igi àjà, ó ń mì fúnra rẹ̀.

"Ṣé ó ṣì wà lára ẹ̀?" ìyá náà bi í.

"Ó wà lára ẹ̀, Ìyá. Ó ń họra bí ẹni tí yèrèpè bà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ara mi mọ́ bí ara ọmọ tuntun."

Ìyá náà wò ó títí. "Àánú ẹ̀ ò ṣe ẹ́?"

Ọkùnrin náà mi kanlẹ̀. "Ara tèmi ló kọ́kọ́ ṣe mí láàánú."

"Ó dáa. Ìkìlọ̀ tí mo ṣe fún ẹ lọ́jọ́sí, òun náà ni mo tún ń ṣe. Má jẹ̀ẹ́ kí omi ọṣẹ kàn án o. Bó bá kàn án, ẹ̀yìnkùlé ẹ ló máa gbà wọlé padà."

Àdó náà dúró jẹ́ẹ́. Ọkùnrin náà dìde, ó fọwọ́ nu ojú, kò sì dágbére kó tó jáde.

*

Nígbà tí ara ò gbà á mọ́, Ọwọ́ò-jó yọ́ lọ sílé ìwòsàn. Obìnrin ni nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀, ó sì fọwọ́ méjèèjì di okùn ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Ẹ bọ́ ṣòkòtò, bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ rí."

Nọ́ọ̀sì wò ó, kò ṣe hàà, kò ṣe họ̀ọ̀. "Làpálàpá abẹ́ ni. Àwọn tó bá ń làágùn ló máa ń mú jù. Kí lẹ ti ń fi pa á?"

"Àdí kan tí wọ́n po ata mọ́. Bàbá mi níbi iṣẹ́ ló fún mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jù ú nù. Ó ń bó yín lára ni." Ó gbé ìpara kékeré kan lé e lọ́wọ́. "Ẹ máa wẹ ibẹ̀, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi èyí pa á. Bí ò bá yún yín mọ́, ẹ má torí ìyẹn dá a dúró, nítorí ó ṣì lè wà nínú awọ. Gbogbo aṣọ tó bá ń kan ibẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn. Ẹ má wọ aṣọ ẹlòmíì o. Bó bá sì kọ̀ tí ò lọ, ẹ tètè padà wá."

Ọwọ́ò-jó ń mi orí. Kò sọ fún un pé aṣọ kan wà tí omi ò kàn rí. Ó ti bọ́ ọ sílé kó tó máa bọ̀.

Ìpara náà ṣiṣẹ́. Ara rẹ̀ rọ̀, ó sùn, ó jí, ó kọrin níbi iṣẹ́. Ló bá ju ìpara sí kọ̀rọ̀, ó ní òun ti bọ́. Ìbàntẹ́ ò sì kúrò nídìí rẹ̀ rárá ní gbogbo ìgbà tó fi ń kun ìpara. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ pọ̀, tí òógùn tún bò ó, nǹkan náà fi ìbínú padà. Ó gun orí itan, ó dé ìbàdí, ó sì wọ koropọ̀n. Bó ṣe ń fi ara pa mọ́ sẹ́yìn igi ìdáná, ó wò ó, ó rí àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Ó ti di méjì.

Ó ní, "Èyí kì í ṣe àìsàn nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ayé ni."

Ibi tó sá lọ ni ọ̀dọ̀ Bàbá Ààrò. Ó bá bàbá náà lẹ́nu ọ̀nà, tó na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí ara tù ú. Ọwọ́ò-jó dọ̀bálẹ̀, ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ palẹ̀, ó sunkún.

"Ọmọ mi, dìde," ni Bàbá Ààrò wí. "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ta ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ lójoojúmọ́? Ta ni ipò yẹn ì bá jẹ́ tiẹ̀?"

"Fajúro?"

"Èmi ò dárúkọ ẹnì kankan o."

"Bàbá mi, gbogbo ilé ti dojú rú. Ìyàwó mi gan-an, ojoojúmọ́ ló ń ní àfi kí òun fọ ìbàntẹ́ yìí."

Ẹsẹ̀ tí bàbá náà nà, ó ká a kò wéré. "Kó fọ kí ni? Má jẹ̀ẹ́ kó fọ̀ ọ́ o! Ṣé o gbọ́ mi? Má jẹ̀ẹ́ kó fọwọ́ kàn án." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Nítorí iná ni mo ṣe sọ ọ́. Nítorí tiẹ̀ náà ni."

*

Ó rọ̀ mí lọ́rùn kí n tú fìlà lójú ẹni yìí báyìí, nítorí ó ń bí mi nínú. Ọkùnrin tó lọ jókòó sí yàrá olókùnkùn lọ́sàn-án gangan, Bàbá Ààrò ni. Òun náà ló tún yọ sí àgbàlá alágbàfọ̀, kété tí Ọwọ́ò-jó padà síbi iṣẹ́.

Obìnrin náà ń fún aṣọ. Ó kúnlẹ̀ kí i, ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Bàbá Ààrò wo ọṣẹ yẹn, ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ìyàwó wa, mi ò fẹ́ sọ ọ́. Ọmọ mi ni, ẹnu mi ò gbà á."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ọkọ ẹ kì í sún mọ́ ẹ mọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Obìnrin náà dáwọ́ aṣọ tó ń fún dúró. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ìyọnu kan wà lábẹ́ ẹ̀. Mo bi í pé níbo ló ti kó o. Ó ní kí n forí jin òun." Ó mi orí. "Èmi ò sọ pé obìnrin ni o."

Obìnrin náà rọra gbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Ààrò súre fún un kó tó lọ. Ó ní Ọlọ́run á fún ilé wọn ní àlàáfíà.

*

Ọwọ́ò-jó wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ẹrù ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Lọ bá àwọn tó o ti kó o lára."

Àtìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò pè é ní 'ìwọ' rí.

"Àwọn wo? Gbọ́ mi ná. Wọ́n ń ṣe mí ni, ọwọ́ ayé—"

"Ayé náà lorúkọ ẹ̀? Bí ara ẹ ò bá mọ́, tó ò sì lè la ẹnu sọ òtítọ́ fún mi, má wá ilé ìyá mi wá."

Ó gbé ẹrù. Ọwọ́ò-jó ń wò ó títí tó fi yà sí kọ̀rọ̀ òpópónà, ọwọ́ rẹ̀ ń họ itan láìmọ̀. Ọkùnrin yìí ò ní ìyá, kò ní bàbá, obìnrin yẹn ló sọ ilé di ilé fún un. Ó mọ̀ pé bí òun ò bá rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí, kò ní padà wá mọ́.

Ló bá tún gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ààrò lọ. Bàbá Ààrò fà á lọ́wọ́ bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, ó mú un lọ sílé Ìyá Adáhunṣe, ó ní òun gbọ́ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ajá kan wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Ó gbó mọ́ Ọwọ́ò-jó kíkankíkan, ṣùgbọ́n ó ń ju ìrù sí Bàbá Ààrò. Ó ṣe Ọwọ́ò-jó bákan. Ó ní bóyá ajá náà mọ àgbà.

Ìyá náà ò béèrè nǹkan kan. Ó bu ẹ̀tù dúdú sínú ewé.

"Dà á síbi tí ọ̀tá ẹ máa ń dúró sí. Bó bá tẹ̀ ẹ́, tó bá jẹ́ pé òun ni, kò ní lè gbé ẹsẹ̀ níbẹ̀ mọ́."

Ó ń wo Bàbá Ààrò bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá Ààrò ń wo ilẹ̀.

*

Ọwọ́ò-jó da ẹ̀tù náà sórí ilẹ̀ lápá ọ̀tún ààrò, ó fi eérú bò ó. Fajúro dé, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró lé e lórí. Ó po ìyẹ̀fun, ó gé e, ó to ó, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wúwo. Ọwọ́ò-jó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí búrẹ́dì wọ ààrò tán, Fajúro bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní kí àwọn yòókù lọ ṣẹ́ igi wá. Ó wá yíjú sí ọ̀gá rẹ̀.

"Èmi lo da èyí sílẹ̀ dè?"

Ọwọ́ò-jó fi ẹsẹ̀ wọ́ eérú bo ibẹ̀.

"Ó ń yún ẹ, àbí? Lábẹ́ ìbàntẹ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ṣé ó yẹ kẹ́nì kan sọ fún mi ni? Ṣé ìwọ ò rí bí Bàbá Ààrò ṣe máa ń fi ìdí ha òpó yẹn tó bá rò pé a ò wo òun? Mo rí i. Ọjọ́ tó so ó mọ́ ẹ ló jáwọ́. Ó rìn jáde níbí bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ níléèwé."

"Irọ́ lò ń pa. O ń jowú ni."

"Jowú?" Fajúro tutọ́ sílẹ̀. "Èmi ló kọ́kọ́ gbé e fún. Ìyẹn ò ta sí ẹ létí. Mo dúpẹ́, mo ní kí Bàbá jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ná. Ojú ẹ̀ yí padà, ó já a gbà lọ́wọ́ mi. Ló bá wá ẹni tí ò ní béèrè nǹkan kan lọ."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ṣé o máa gbà mí gbọ́? Ìwọ tó jẹ́ pé 'bàbá mi, bàbá mi' ni lẹ́nu ẹ ṣáá?"

Ọwọ́ò-jó yíjú wo òpó náà. Ó fẹ́ bínú sí Fajúro, kò rí ibi tó máa dì í mú. Ajá ilé Ìyá Adáhunṣe ṣì ń ju ìrù sí Bàbá Ààrò lọ́kàn rẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló kúkú wà. Ó bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ Fajúro lórí ìdọ̀bálẹ̀, níbẹ̀ nínú eérú, Fajúro sì ní kó dìde kí búrẹ́dì tó tún jóná.

*

Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un, kò sì dáhùn ìkíni rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà lágbàlá, ó ń dá omi gbígbóná.

Ọwọ́ò-jó bọ́ ìbàntẹ́, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ó sọ gbogbo ohun tó ti ń tì í lójú láti sọ: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń yún un, ohun tí nọ́ọ̀sì wí, ohun tí Fajúro wí. Kò fi èyíkéyìí pamọ́.

"Mi ò mọ obìnrin kankan. Ta ló sọ fún ẹ pé mo mọ̀ ọ́n?"

Obìnrin náà wò ó tàánútàánú. "Bàbá ẹ ni."

 Ohun tí Fajúro sọ dun ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n eléyìí pa á. Pé Bàbá Ààrò fi àìsàn ara rẹ̀ dì í mọ́dìí, ó lè jẹ́ pé ìrora ló fà á. Pé ó tún wá jókòó sí àgbàlá rẹ̀, kó rọra tú ilé rẹ̀ ká, kó sì súre lé e! Ó sunkún, kì í ṣe ti ayọ̀.

 Ìyàwó rẹ̀ fi igi gbé ìbàntẹ́ náà, ó jù ú sínú omi híhó, ó sì da ọṣẹ lé e. Omi náà dúdú. Ó dà á nù, ó bu òmíràn, ìyẹn náà dúdú, ó wá pọ́n. Iná abẹ́ ìkòkò tẹ̀ gbalẹ̀, ó fẹ́ kú. Obìnrin náà ń fọ̀ ọ́ lọ. Bó ṣe fún un, ohùn kan ké láti ọ̀nà jíjìn, ohùn àgbàlagbà. Ajá gbogbo àdúgbò dáhùn.

"Ṣé ẹ gbọ́ yẹn?" ó bi ọkọ rẹ̀.

"Mo gbọ́."

Iná gbéra padà. Obìnrin náà sá ìbàntẹ́ sóòrùn, ó sì nu ọwọ́. "Níbo lẹ ju ìpara nọ́ọ̀sì sí?"

Ọwọ́ò-jó wá a rí, ó ń fi í pa ara, kò sì dá a dúró nígbà tí kò yún un mọ́. Ìyàwó rẹ̀ padà sílé kó lè máa ṣọ́ ọ, ó ń fọ ṣòkòtò abẹ́ rẹ̀, ó ń sá wọn sóòrùn. Ìka tó tẹ̀ sí itan rẹ̀ ń parẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Iná ààrò ò kú. Ó tilẹ̀ ń jó dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Ààrò yọ sílé wọn. Ó ya ẹsẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ bó ṣe ń rìn, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Ìyàwó Ọwọ́ò-jó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìkí i. Bàbá náà dúró, kò lè jókòó.

"Ọmọ mi, ó ń jó mi. Gbà mí."

"Ẹ lọ sílé ìwòsàn, Bàbá. Ìpara wà níbẹ̀."

"Mo ti lọ. Kò ràn án. Tìẹ gbọ́ ìpara, tèmi ò gbọ́." Ó di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú, ó ń fi ara ha á níṣojú wọn, ìtìjú ti tán. "Ìyá yẹn ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Kó o tún un so. Ṣùgbọ́n tìfẹ́tìfẹ́ ni o, bíi ti àkọ́kọ́. Àfi kó o fi inú dídùn gbà á. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní kúrò lára mi títí n ó fi kú."

"Ìdí tẹ́ ẹ fi wá mi nìyẹn nígbà yẹn? Nítorí pé inú mi á dùn?"

Bàbá Ààrò dorí kodò. "Kò sẹ́lòmíì tó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀."

 "Bàbá, ká ní ẹ pè mí ni. Ká ní ẹ ní, 'Ọmọ mi, ara ń ni mí, bá mi gbé e.' Ǹ bá gbé e. Ǹ bá gbé e títí tẹ́ ẹ fi sùn re. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jí i sí mi lára?"

Bàbá náà ń sunkún. Ọwọ́ tó gbé ọmọ òrukàn lójú pópó ló fi ń họra.

Ọwọ́ò-jó lọ sẹ́yìn ilé, ó já ìbàntẹ́ lórí okùn. Ìyàwó rẹ̀ dì í lápá mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́." Ó rọra tú ọwọ́ rẹ̀. Ó padà dé iwájú Bàbá Ààrò, ó bọ́ ṣòkòtò òkè, ó so ìbàntẹ́ náà mọ́dìí, ó sì fún okùn rẹ̀ le. Ó dijú. Ó ń wá ọjọ́ yẹn lọ́kàn rẹ̀, ọjọ́ tí gbogbo òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó wá ibi tí bàbá yìí ti kọ́kọ́ fún un ní búrẹ́dì gbígbóná. Ó rí gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ kí ó dùn mọ́ òun, ó fẹ́ ẹ tọkàntọkàn.

Bàbá Ààrò dúró láìmí. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ tún lọ sí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í họra.

Ọwọ́ò-jó la ojú.

"Mo wá a, Bàbá," ló wí. "Mo wá inú dídùn yẹn títí, mi ò rí i. Ẹ ti lò ó tán."